Bídọ̀n Kẹta

Èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu, àwọn ará ilé mi mọ̀. Bí mo bá sọ gbólóhùn mẹ́ta láàárín oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán, wọ́n á ní ara mi yá lónìí. Àmọ́ ọmọ ọmọ mi ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń bi ara wọn léèrè iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́, pé kí n sọ tèmi, òun á kọ ọ́. Ó dáa. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́, dúró dè mí.

Mẹkaníkì ni mí. Ọkọ̀ ni mo tún ṣe láyé mi, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ojú mi fi kọ̀ láti rí orí súkúrù mọ́. Mi ò mọ̀wé. Mi ò lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá tan án, tí mo di ojú mi, màá sọ ohun tó ń ṣe é fún yín. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, bí kámíọ̀n, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, bá ń kọjá lójú títì, ara mi á ta gìrì. Ẹ máa rò pé arúgbó ń sùn lórí àga. Mi ò sùn. Ẹ́ńjìnì yẹn ni mò ń gbọ́.

Odomẹta lágbègbè Kétu ni wọ́n ti bí mi, láàárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ọkọ́ ni bàbá mi fẹ́ kí n dì mú. Lọ́jọ́ kan, kámíọ̀n tó wá kó àgbàdo kú sẹ́bàá oko wa. Wọ́n lọ pe ọkùnrin kan wá láti Kétu, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dé fìlà funfun tí èérí kò kan. Ó fi orí irin gígùn kan kan ara ẹ́ńjìnì, ó gbé orí kejì sí etí ara rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ó ní kí wọ́n máa yí i. Ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tú nǹkan kan tí kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, ó fẹ́ ẹnu sí i, ó dá a padà. Kámíọ̀n dìde. Orí mi wú. Mi ò mọ ìgbà tí ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bí bàbá mi ṣe gbà, ohun tí wọ́n san, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Wọ́n mú mi lọ sí Kétu, wọ́n fi mí lé ọkùnrin onífìlà funfun yẹn lọ́wọ́.

Ọ̀gá Láwánì lorúkọ rẹ̀. Ìmàle Àjàṣẹ́ ni, ọmọ oníṣòwò tó kọ òwò sílẹ̀ nítorí ọkọ̀. Ó le. Ọdún kan gbáko, mi ò fọwọ́ kan sípánà. Fífọ̀ ni. Gbogbo ohun tí wọ́n bá tú lára ọkọ̀, èsáǹsì la fi ń fọ̀ ọ́ nínú àwo. Èsáǹsì làwa níbí ń pe epo tí ọkọ̀ ń mu. Bí a bá fọ̀ tán, a ò gbọdọ̀ dà á nù. A máa jẹ́ kó tòrò, a máa fi aṣọ sẹ́ ẹ, a tún fi fọ òmíràn. Bí ó bá kán sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, Ọ̀gá á ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbóòórùn ilẹ̀.

Á ní, "Ìdòwú, kí lò ń gbọ́?"

Màá ní èsáǹsì ni, sà.

"Rárá. Ọ̀nà Idigny lò ń gbọ́. O ti da ìrìn ìdajì kìlómítà sílẹ̀."

Kì í lù wá. Ìbá kúkú lù wá. Bí o bá ṣe iṣẹ́ tí kò dáa, á tú u palẹ̀ lójú rẹ, á fi sílẹ̀, á lọ kírun. Ìwọ lo máa tún un tò. Mo tò, ó tú. Mo tò, ó tú. Lọ́dún kejì ló fi búsí hàn mí, ìyẹn ohun kékeré tó ń tanná sí èsáǹsì nínú ẹ́ńjìnì. Ó tú u, ó na ẹnu rẹ̀ sí mi. Ó ní bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, ọkọ̀ náà ń jẹun ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Bó bá funfun bí ẹfun, ebi ń pa á, yóò jóná. Bó bá wá pọ́n bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, ó yó, kò sì ṣàṣejù. Ẹ̀pà sísun! Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi yí súkúrù kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí èsáǹsì ti ń pò mọ́ atẹ́gùn, tí mo tú búsí, tí mo rí àwọ̀ ẹ̀pà yẹn, mo sáré yí gáráàjì po. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Hùn." Ọdún méje tí mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, "hùn" yẹn ni ìyìn tó pọ̀ jù tí mo gbà.

Mo ti di mẹkaníkì tán, mo ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tí ìjọba àwọn kámárádì dé. Ẹ̀yin ò mọ ayé yẹn. Gbogbo èèyàn ló di kámárádì. Mo gbọ́ létí mi tí wọ́n pe ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀kọ ní kámárádì, ó ní òun kọ́, ilé tó wà lódì kejì ni kí wọ́n lọ béèrè. Wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́, wọ́n fún ẹgbẹ́ ní kámíọ̀n mẹ́rin, wọ́n ní gáráàjì wa ni yóò máa tọ́jú wọn. Àgbàdo Idigny, ti Okpomẹta, ti Odomẹta, gbogbo rẹ̀ ni kámíọ̀n mẹ́rin yẹn ń kó lọ síbi ojú irin ní Pọ́bẹ̀.

Èsáǹsì kò wọ́pọ̀. Ni wọ́n bá gbé òfin kan wá. Wọ́n ní kámíọ̀n tó bá lọ Pọ́bẹ̀, bídọ̀n méjì ni, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ńlá tí a ń rọ èsáǹsì sí. Bídọ̀n kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Awakọ̀ tó bá jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá tún ba ọkọ̀ jẹ́, ọ̀tá ìlú ni, wọ́n á tì í mọ́lé.

Inú Ọ̀gá Láwánì dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, inú rẹ̀ dùn! Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òfin ìjọba àkọ́kọ́ tó mọ iṣẹ́ nìyí. Ó ní òfin yẹn kò bá awakọ̀ wí, mẹkaníkì ló ń bá wí. A ò sinmi mọ́. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ bá dín, a ti fẹ́ ẹ. Bíréèkì tó bá ń di táyà mú díẹ̀, a ti tú u. Èmi náà, kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ó dà bí eré ìje. Èwo nínú àwọn mẹ́rin ló máa dé tí bídọ̀n rẹ̀ ṣì ń mì?

Mẹ́ta nínú wọn ń fi méjì dé; lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ la tó mọ̀ pé ìgò èsáǹsì ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń rà kún un. Ìkẹrin kì í dé, èyí tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wà. Séídù lorúkọ rẹ̀, fòfó ni mò ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí. Aláwàdà ni. Ó ní kámíọ̀n òun ló dàgbà jù, ojú ń tì í láti sáré níwájú àwọn àbúrò. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, àwàdà tán. Ó wá bá mi. Ó ní, "Ìdòwú, wá nǹkan ṣe."

Ẹ rí i, ohun tí mo ṣe nìyí. Ilẹ̀ wa ga. Bí ẹ bá ń lọ Pọ́bẹ̀, ibì kan wà tí ilẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó gùn, ó sì gẹ̀rẹ́. Mo tẹ̀ lé fòfó lọ lọ́jọ́ kan, mo ní bó bá dé orí gẹ̀rẹ́ yẹn, kó yọ gíà kúrò pátápátá, kó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnì á sinmi, kò ní mu tó bẹ́ẹ̀. A gbìyànjú ẹ̀. Kámíọ̀n ń lọ wẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, atẹ́gùn ń fẹ́ wa, a ń rẹ́rìn-ín. Agolo mílíìkì méjì la rí lérè nínú bídọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo awakọ̀ ti mọ̀ ọ́n. "Fífún ọkọ̀ nísinmi" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá Láwánì nìkan ni kò mọ̀.

Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ti mọ ohun tó kù. Nígbà tí gíà bá wà nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ń bá bíréèkì di ẹrù náà mú. Bí o bá yọ ọ́, bíréèkì nìkan ló kù. Àpò àgbàdo kún ẹ̀yìn, bíréèkì gbóná, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta ru iṣu bọ̀ láti oko nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ yẹn. Fòfó Séídù rí wọn, ó tẹ bíréèkì, kò mú. Ó yà á sígbó. Kámíọ̀n dojú dé. Kò sóhun tó ṣe àwọn obìnrin náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún fòfó ló kù sábẹ́ irin.

Èmi àti Ọ̀gá la lọ gbé ọkọ̀ náà. Wọ́n ti gbé fòfó lọ. Mo wo inú ọkọ̀, mo rí ọ̀pá gíà tó dúró láàárín, kò sí nínú gíà kankan. Mo na ọwọ́ sí i pé kí n tì í sínú gíà kí ẹnì kankan tó rí i. Ọ̀gá wà lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Fi sílẹ̀. Ibi tó wà ni kó wà."

Kò bi mí ní nǹkan kan. A fi okùn fa ọkọ̀ náà dé Kétu.

Wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò níwájú gáráàjì. Gbogbo ìlú ló wá. Délégé, ìyẹn ẹni tí ìjọba fi jẹ olórí fún wa, ọmọkùnrin kan tó ti ṣe tíṣà rí, ó dìde, ó ní ọ̀pá gíà kò sí nínú gíà, nítorí náà Séídù mọ̀ọ́mọ̀ ba ọkọ̀ ìlú jẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lọ́sípítù, ẹsẹ̀ kan ti lọ, wọ́n sì tún fẹ́ tì í mọ́lé.

Ni ọ̀rọ̀ bá gbóná. Àwọn awakọ̀ ní òfin ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ Séídù, pé kí wọ́n dẹ òfin náà, kí wọ́n fi bídọ̀n kẹta kún un. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ká fi kún un, ẹ̀mí ju èsáǹsì lọ. Àwọn míì ní irọ́ ni, pé bí bídọ̀n kẹta bá bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ yóò ti wà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Awakọ̀ kan ní ta ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ní ẹni tó dáhùn ni. Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Láwánì wá dìde. Ó ní òun kò gbà kí wọ́n fi kún un. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ bá fún wa ní bídọ̀n kẹta, ọjọ́ yẹn ni ẹnikẹ́ni kò ní fọ kábúrétọ̀ mọ́. Ọkọ̀ tí a bá tọ́jú yóò fi méjì dé, tòun ti gíà nínú."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òwe yẹn ni mo fi ń bora láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, aṣọ náà kò bò mí mọ́. Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ Séídù. Èmi ni mo ní kó yọ gíà. Mo tún ọkọ̀ yẹn ṣe títí, kò lè fi bídọ̀n méjì dé. Mi ò rí ohun míì ṣe."

Ọ̀gá yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọdún méje ni mo fi kọ́ ẹ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Ta ló kọ́ ẹ bó ṣe ń ṣubú?"

Bàbá àgbàlagbà kan láti Okpomẹta ló tú u ká. Ó ní ẹnu kọ́ la fi ń wọn èsáǹsì. Ó ní kí wọ́n gbé kámíọ̀n tó dára jù, kí Láwánì fúnra rẹ̀ wà á, kí ó kó àgbàdo lọ Pọ́bẹ̀, kí ó padà, bídọ̀n méjì, kí gíà má kúrò nínú rẹ̀. Bó bá dé, a jẹ́ pé òfin dáa, Séídù ló jẹ̀bi, bídọ̀n kẹta ò sí. Bí kò bá dé, a jẹ́ pé òfin ló jẹ̀bi. Délégé gbà. Ọ̀gá gbà. Ó ní èmi ni màá tún kábúrétọ̀ náà ṣe.

Ẹ wò ó, òun tìkára rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀! Ó mọ̀ pé fòfó mi ni Séídù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú kámíọ̀n yẹn, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo tò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn, mo di súkúrù kábúrétọ̀ mú. Bí mo bá yí i ní ìdajì péré, èsáǹsì á máa ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ, ọkọ̀ kò ní dé, fòfó mi á bọ́. Ẹnì kankan ò ní mọ̀. Ìka mi wà lórí rẹ̀. Mo tú búsí wò: ẹ̀pà sísun. Irú rẹ̀ tó dára bẹ́ẹ̀, mi ò rí i rí. Ọwọ́ mi kọ̀, kò lè bà á jẹ́. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi, mo wọkọ̀.

A so bídọ̀n mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, a fi rọ́bà fà á lọ sínú ẹ́ńjìnì, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kò sí èsáǹsì mìíràn nínú tán-án-kì ọkọ̀. Wọ́n fi eérú fa ìlà kan sójú ọ̀nà níwájú gáráàjì. A gbọ́dọ̀ kọjá eérú yẹn nígbà tí a bá padà. Délégé jókòó láàárín, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀pá gíà.

Ìrìn yẹn! Mo ti wọ ọkọ̀ láyé mi, mi ò tíì wọ irú rẹ̀. Ọ̀gá ń wà á bí ẹni gbé ẹyin. Kò tẹ̀ ẹ́ jù, kò dẹ̀ ẹ́ jù. Lórí gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnì ń ké, ó ń di ẹrù mú, èmi ń wo igbó tí wọ́n ti gbé fòfó jáde. A dé Pọ́bẹ̀, bídọ̀n kìíní ṣì ní díẹ̀ nísàlẹ̀! Délégé na ọwọ́ bọ Ọ̀gá lọ́wọ́. A já àgbàdo, a padà. Bí a ṣe ń gun gẹ̀rẹ́ bọ̀, mò ń ki igi bọ bídọ̀n, mò ń wọ̀n ọ́n. Kò tíì tán. Kò tíì tán. Mi ò mọ ohun tí mò ń gbàdúrà fún mọ́. Ara mi kan fẹ́ kó dé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ara mi kan fẹ́ kó kú nítorí fòfó.

A rí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu. A rí gáráàjì. A rí èrò, wọ́n ti ń pariwo, àwọn ọmọ ń sáré bọ̀. A rí ìlà eérú. Délégé na orí jáde lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí wọn.

Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti húkọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí yìí ni mò ń bọ̀ láti òwúrọ̀. Ibẹ̀ yẹn, ilẹ̀ gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lọ sọ́nà gáráàjì. Bí Ọ̀gá bá yọ gíà, ọkọ̀ á yí lọ wẹ́rẹ́, á kọjá eérú. Délégé ò wò ó. Ariwo ni ti èrò. Èmi nìkan ló rí i. Mo rí ọwọ́ Ọ̀gá lórí ọ̀pá gíà. Mo rí i pé iṣan ọwọ́ rẹ̀ le. Ó wò mí. Ó wá gbé ọwọ́ náà kúrò, ó gbé e lé orí itan ara rẹ̀.

Gíà di ọkọ̀ mú. Ó jà gìdì, ó dúró.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn dé ìlà eérú, ó yípadà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ bọ̀ wá bá ọkọ̀, lójú gbogbo ìlú. Ìṣísẹ̀ méjìlélógún. Fìlà funfun rẹ̀ ti rẹ sínú òógùn. Ó ní, "A ò dé. Ọkọ̀ tó dára jù lọ́wọ́ wa nìyí. Ìdòwú ló tún un ṣe, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo wà á. A ò dé. Àṣìsọ ni mo sọ ní ìpàdé. Séídù ò jẹ̀bi."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Èmi, ṣé ẹ mọ ohun tí mo gbọ́? "Kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ." Níwájú gbogbo ìlú! Mo fò sókè bí ewúrẹ́, èmi tí kì í sọ̀rọ̀.

Wọ́n fi bídọ̀n kẹta kún un. Àmọ́ Ọ̀gá ní kí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀, kí wọ́n fi ìda lẹ̀ ẹ́, kí awakọ̀ má tú u àfi bí méjì bá tán, ohun tó bá ṣẹ́kù kó mú un padà. Ó tún ní kí wọ́n fi Séídù ṣe olùtọ́jú èsáǹsì. Fòfó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gáráàjì, ọ̀pá lábẹ́ apá. Kámíọ̀n kankan kò ní kọjá kí fòfó má fi ọ̀pá yẹn gbá a lára, kó béèrè pé, "Gíà ńkọ́?" Awakọ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ó wà nínú ẹ̀!" Bí kò bá dáhùn, kò ní lọ. Mo sì sọ fún yín, ọ̀pọ̀ ìgbà ni bídọ̀n kẹta padà wá, tí ìda ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí a ò yé fọ kábúrétọ̀. Ọ̀gá ò gbà.

Ìjọba yẹn lọ. Ọ̀gá lọ. Fòfó náà ti lọ. Ọkọ̀ àlòkù kún ìlú, kábúrétọ̀ parẹ́, wọ́n ń ki wáyà bọ ọkọ̀ lára, ọkọ̀ á kọ ohun tó ń dùn ún sójú díńgí kékeré kan. Ó dáa, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ di ojú wọn ná, kí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ tó wù yín ni kí ẹ kọ́. Ẹ ṣáà wá ọ̀gá tó lè gbé ọwọ́ kúrò lórí gíà nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Èyí tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ìdí. Lánàá ó gbé alùpùpù rẹ̀ bọ̀ láti Idigny, ibi tí ọ̀nà ti gẹ̀rẹ́ sílé wa, mo gbọ́ tí ó pa ẹ́ńjìnì kí èsáǹsì má baà tán. Ó rò pé mo ń sùn lórí àga. Mo gbé ọ̀pá mi, mo gbá alùpùpù náà lára, mo ní:

"Gíà ńkọ́?"